Ọkọ̀ Tí Wọn Ò Rí Nínú Ìwé

Fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ adójútòfò àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ bí Ìyá Oníná nínú. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bi í pé ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun lòun ṣe é. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ìbéèrè náà bi í, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bá adití sọ̀rọ̀. Ìyá Oníná fún un ní ìdáhùn kan náà. Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò ní àyè fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ló bá tẹ "A ò mọ̀ ọ́n" síbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣe ọkọ̀ wà. Ó tẹ bébà náà jáde, ó tì í gba abẹ́ gíláàsì pé kí màmá fọwọ́ sí i.

Màmá ò fọwọ́ sí i. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó ti fi ọdún méjìlélógún jó irin nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bọ́dì bọ́ọ̀sì. Òun nìkan ni obìnrin tó ń ṣe wẹ́dà láàárín ogójì ọkùnrin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ìyá Oníná. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìdágbére, àwọn kan fi tiwọn ra ilẹ̀, àwọn kan fi tiwọn ṣòwò. Òun fi tirẹ̀ ra àpótí pákó mọ́kànlá.

Ọkọ̀ ló wà nínú àwọn àpótí náà, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tó ṣeé wà. Egungun rẹ̀ wà lọ́pàá-lọ́pàá, bọ́dì rẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe wà láwẹ́-láwẹ́, bóòtì àti nọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìwé kan tó ń júwe èyí tí èèyàn máa so mọ́ èkejì. Ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀. Onítọ̀hún ni yóò lọ wá a. Ìyá Oníná rí tirẹ̀ lára ọkọ̀ aláwọ̀ eérú onílẹ̀kùn mẹ́rin kan tó ti forí sọ ògiri, tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ilé mẹkáníìkì. Ó tú ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ìpẹtà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é, nínú ahéré páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè yí ọkọ̀ náà po. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Òun ló rán àga méjèèjì tó wà nínú ọkọ̀ náà, awọ pupa tó fi òwú funfun rán, ó sì tú àga apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ojú abẹ́rẹ́ ò tọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kun ún ní àwọ̀ aró tán, ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ ibùsùn. Àwọn ará àdúgbò ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yẹ̀yẹ́ fi sú àwọn fúnra wọn. Àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ ti ìjọba wò ó, wọ́n ní ó yege, wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ìnṣọ́ránsì nìkan ló kù, láìsí i kò sì lè fi táyà kan títì.

Ilé-iṣẹ́ kejì, orí fóònù ni wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó gbé e ní àwọn á gbà á, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá jóná tàbí tí olè gbé e lọ, iye owó ẹ́ńjìnnì nìkan làwọn máa san, torí ẹ́ńjìnnì nìkan làwọn mọ ibi tó ti wá. Ìyá Oníná bi í pé ìyókù ńkọ́.

"Ìyókù, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é, mà. Ẹ lè tún òmíràn ṣe."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ayùn irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ irin kan tí kò nílò rírẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yọjú láti béèrè ohun tí wọ́n wí, ó rí bó ṣe ń fi ìbínú rẹ́ irin náà, ó rọra padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ejẹ́ńtì adójútòfò. Láti ọjọ́ tí Ìyá Oníná ti wọ ilé wọn ló ti ń pè é ní Akọ̀wé, nítorí pé ọkùnrin náà kì í yọ bírò létí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti Akọ̀wé a máa yọ owó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ló wá kí wọn, ó yí ọkọ̀ náà po, ó yìn ín dáadáa, ó wá jókòó, ó ní òun ti gbọ́ gbogbo wàhálà náà.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ ń sọ di líle," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eléérú yẹn ló wà nínú ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọkọ̀ eléérú sínú ìwé. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹnikẹ́ni ò sì ní í wo inú ẹ̀."

Ìyá Oníná bi í pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́. Akọ̀wé ní kí gbogbo àwọn jọ máa gbàdúrà kí jàǹbá má ṣẹlẹ̀. Ìyá Oníná ní bó bá jẹ́ pé àdúrà ló kù, a jẹ́ pé àwọn ò nílò ejẹ́ńtì mọ́ nìyẹn, ẹni tó mọ àdúrà gbà làwọn ń wá. Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wojú ara wọn lẹ́yìn ẹ̀rín náà, Ìyá Oníná sì rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Télọ̀ mú ìwé kan wọ inú ahéré nínú àpò ọ̀rá, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní Akọ̀wé ti bá wọn yanjú ẹ̀, pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti gbà. Inú Ìyá Oníná dùn débi pé kò béèrè nǹkan kan. Ó wọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé sínú ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa. Àmọ́ òun lẹni tí kì í dè bóòtì kan láìka ìwé tó bá a wá. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná lọ, ó fa ìwé náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹni tó ṣe é: ilé-iṣẹ́ kan báyìí tó ń ṣe ọkọ̀. Ilẹ̀kùn: mẹ́rin. Ìjókòó: márùn-ún. Àwọ̀: eérú. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé olówó ọkọ̀, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì náà.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

Télọ̀ ní òun ni.

"Ẹ kọ ara yín sí i pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀."

"Ká ní mo gbé e fún ọ, o ò ní í fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò ní í fọwọ́ sí i."

Télọ̀ ní ó ti sú òun láti máa wo ọkọ̀ náà lábẹ́ aṣọ bí òkú tí wọn ò rí ẹni sin. Ó ní òun fẹ́ kó jáde kí ojú lè ti àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ti Ìyá Oníná lòun ń rò. Bóyá òótọ́ ló sọ. Ohun tó tilẹ̀ mú kí inú bí Ìyá Oníná jù nìyẹn, torí ẹni tó bá fi ibi ṣeni, èèyàn á mọ bó ṣe máa bá a jà. Ó jáde nínú ọkọ̀ náà, ó dìde dúró tán, àyè tó wà láàárín ọkọ̀ àti páànù ò gbà ju ẹnì kan lọ, nítorí náà iwájú ọkọ rẹ̀ gan-an ló wà nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ilé-iṣẹ́ méjì ti sọ fún mi pé ọkọ̀ yìí ò sí. Mo ṣe bí ó wà nínú ilé tèmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú ìwé náà, ó mú fọ́tò ọkọ̀ náà, ó forí lé ọ́fíìsì Akọ̀wé. Àjà kẹta ni. Gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ń kó àwọn oníbàárà sí, àga rọ́bà tí wọ́n fi irin so mọ́ra wọn, fáànù kan tó ń yí ọrùn kiri àmọ́ tí atẹ́gùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Ó gba nọ́ńbà, ó jókòó. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun apá rẹ̀, tó di fáìlì kan mú bí ẹni tó di ọmọ mú. Oníbúrẹ́dì ni. Wọn ò tíì jókòó pẹ́ tó fi sọ tirẹ̀ fún un, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lọ́kàn kì í mọ àlejò yàtọ̀.

Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi ń pín búrẹ́dì káàkiri. Wáyà kan ló gbiná nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ jóná ráúráú, òun kàn ráyè fò bọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tó wá béèrè owó, wọ́n ní ọkọ̀ tí ìdílé fi ń ṣeré jáde ló wà nínú ìwé, pé ọkọ̀ búrẹ́dì ò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ejẹ́ńtì tó gba ìwé fún un ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí owó má bàa pọ̀. Ejẹ́ńtì náà wá ń búra báyìí pé oníbúrẹ́dì ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, pé òun ò mọ̀ sí i.

"Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní í wo inú ẹ̀," ni bàbá náà wí.

Ìyá Oníná bi í pé ṣé ejẹ́ńtì náà a máa fi bírò sétí. Bàbá náà yíjú sí i, ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n ni.

"Àbúrò ọkọ mi ni."

Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn báyìí ni Akọ̀wé jáde láti inú yàrá kan, tó rí àwọn méjèèjì lórí àga kan náà. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ò tètè kúrò, àmọ́ ojú rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀rín. Ó pe Ìyá Oníná sẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá Oníná ní kó fagi lé ìwé irọ́ náà, kó sì sọ òótọ́ nípa ti oníbúrẹ́dì. Akọ̀wé ní àgbàlagbà ni oníbúrẹ́dì, pé ó mọ̀wé kà, pé ó kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ìyá Oníná bi í pé bí òun bá fi ọkọ̀ yìí gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́, ta ni yóò tọ́jú ọmọ náà, ṣé ọkọ̀ eléérú tó ti di ìpẹtà ni. Akọ̀wé ní wọn ò ní í gbá ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Ó sì di apá rẹ̀ mú, ó ń darí rẹ̀ sí àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Títí di ìgbà náà, Ìyá Oníná ò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ti ń ro ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó ti ń ro ti àwọn ọmọ Akọ̀wé mẹ́ta tí wọ́n máa ń sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọwọ́ tó dì í mú yẹn ló parí rẹ̀. Ó já apá rẹ̀ gbà, ó padà sínú gbọ̀ngàn, ó sọ fún oníbúrẹ́dì pé kó dìde, àwọn méjèèjì sì kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni ọ̀gá náà. Ó ní àwọn ò tíì pe nọ́ńbà wọn. Ìyá Oníná tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀, ó gbé fọ́tò lé e.

"Ìwé yín ní eléérú ni, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ọkọ̀ náà nìyí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Ejẹ́ńtì yín ló ní ká purọ́, ọkọ mi ló fọwọ́ sí irọ́ náà. Irú ẹ̀ ló kọ fún bàbá yìí."

Ọ̀gá wo ìwé, ó wo fọ́tò, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ yìí máa kan ọkọ rẹ̀ náà, pé àwọn máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó parọ́.

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́."

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi tú àwọn ìwé mìíràn tí Akọ̀wé ti ṣe, tí wọ́n rí mọ́kàndínlógún tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá a dúró níṣẹ́. Wọ́n san owó fún oníbúrẹ́dì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó tó ra ọkọ̀ àlòkù kan. Wọ́n fagi lé ìwé Télọ̀, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ìyá Oníná gbọ́ ọ títí ìyá náà fi sọ̀rọ̀ tán. Ìyá náà ní ẹnu ọmọ òun ni ìyàwó ti já oúnjẹ gbà, pé ọkọ̀ tí wọn ò lè fi gbé ìyàwó àti àna pọ̀ ló fi ba ilé jẹ́, pé òun ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òun. Ìyá Oníná ní ó dáa, mà. Télọ̀ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yan ìyàwó rẹ̀ lódì. Lọ́jọ́ kẹwàá, níbi tó ti ń lọ aṣọ, láìgbójú sókè, ó ní:

"Ò bá ti kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà ẹ̀ bá ti kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ láàárín wọn, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ Télọ̀.

Oníbúrẹ́dì ló pè é láti sọ fún un nípa ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì fún ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ àfọwọ́ṣe. Yàrá méjì péré ni wọ́n ní, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Fọ́ọ̀mù wọn jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá. Wọ́n béèrè fọ́tò egungun ọkọ̀ náà kó tó di pé wọ́n bò ó. Wọ́n béèrè ta ló jó o pọ̀, ọdún mélòó ló ti ń jó irin, irú wáyà ìjórin wo ló lò. Ìyá Oníná ti wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìjà lẹ́nu, kò sì rí ẹni bá jà. Ó ní gbogbo fọ́tò náà.

Ẹni tí wọ́n rán wá láti yẹ ọkọ̀ wò jẹ́ bàbá àgbà kan tó mú tọ́ọ̀ṣì àti hámà kékeré dání. Ó tẹ́ ẹní, ó rọra wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi hámà kan oríkèé irin kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Wákàtí méjì ló lò. Nígbà tó jáde, ó ní iṣẹ́ náà dára, ju ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ, àmọ́ ibì kan wà lábẹ́ àga apá ọ̀tún tí òun ò ní í fọwọ́ sí.

"Ó jó lójú, kò wọnú."

Ìyá Oníná sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún bàbá náà. Ó sọ ọdún méjìlélógún, ó sọ iye bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ iléèwé káàkiri lórí irin tí òun jó, ó ní òun ti rí oríṣiríṣi èèyàn tó fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun láàárín oṣù méjì yìí. Bàbá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó na tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Irin tó yọ́ síbẹ̀ kàn jókòó lórí èkejì bí omi lórí ewé kókò, kò mú un rárá. Kò rántí ọjọ́ tó jó o, kò rántí ohun tó ń rò lọ́jọ́ náà, inú sì bí i sí ara rẹ̀ ju bó ṣe bí i sí ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì lọ. Àga yìí ni ọkọ rẹ̀ máa jókòó sí. Nígbà tó jáde, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó ń wá ẹ̀rọ tó fi ń gé irin.

Àmọ́ wọn ò lè dáná síbẹ̀ láìyọ àga, awọ á jó. Ó ń ro bó ṣe máa sọ ọ́ nígbà tí Télọ̀ wọlé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kékeré rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú funfun tó so awọ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ìyá Oníná gé ibi tó kù díẹ̀ káàtó náà kúrò, ó tún un jó, bàbá àgbà jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń dúró. Ó kan hámà sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Oríṣi ìwé méjì ló wà tí wọ́n lè mú. Ti àkọ́kọ́ ò wọ́n, wọ́n á lè máa wà á lọ ibi tó bá wù wọ́n, àmọ́ ohun tó wà nínú àpótí mọ́kànlá nìkan ni wọ́n máa san bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìkejì wọ́n jù ú. Wọn ò gbọ́dọ̀ rìn ju iye kìlómítà kan lọ lọ́dún, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa sùn sínú ahéré tó ní àgádágodo, àwọn méjì tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nìkan ló lè wà á. Àmọ́ wọ́n á fi wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kún iye ọkọ̀ náà, wọ́n á sì ti jọ fẹnu kò lórí iye yẹn kó tó di pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìyá Oníná ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìkejì. Wọn ò gba gbogbo wákàtí tó kọ, wọ́n gé ìdámẹ́rin rẹ̀ kúrò, ó bá wọn jà lé e lórí, kò borí.

Ní ojú ewé kejìlá, ìbéèrè kan wà tí olúkúlùkù awakọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn: ṣé wọ́n ti fagi lé ìwé adójútòfò rẹ̀ rí nítorí irọ́? Orí tábìlì tí Télọ̀ ti ń gé aṣọ ni wọ́n wà. Bí Télọ̀ bá kọ "Bẹ́ẹ̀ kọ́", bóyá wọ́n máa mọ̀, bóyá wọn ò ní í mọ̀. Bó bá ní kí wọ́n yọ òun kúrò, a jẹ́ pé kò ní í wa ọkọ̀ náà láéláé. Télọ̀ mú bírò, ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni". Níbi tí wọ́n ní kó ti ṣàlàyé, ó kọ ọ́ pé: "Mo kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ṣe ọkọ̀ tí ìyàwó mi ṣe."

Owó náà lé sí i nítorí ìlà yẹn. Ìyá Oníná ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí tirẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Ó kàn jẹ́ pé ó ti lè jókòó ti ọkùnrin náà báyìí láìfẹ́ dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, Télọ̀ ní kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ìyá òun. Ìyá Oníná rán an létí pé wọ́n ti ní kí òun má fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ní wọn ò ní í débi ẹnu ọ̀nà, ojú títì ni wọ́n máa dúró sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún níta, ìyá arúgbó náà jáde, ó dúró ti ògiri. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ ra àga pupa náà, ó ní ọmọ òun mọ iṣẹ́ ṣe. Kò sọ nǹkan nípa ìyókù. Ó ní Akọ̀wé ti rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ta táyà, pé owó rẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó wá wojú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ."

"Èmi náà ń bínú, mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ìjókòó méjì péré ló wà níbẹ̀, nítorí náà Télọ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ bo orí ìyá rẹ̀ kó má bàa gbá òrùlé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wọlé, ó fi bẹ́líìtì dè é, ó sì dúró sójú títì, ó ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ láìbá ara wọn sọ̀rọ̀.